Ìran Tí Wòlíì Rí Kí Ọmọ Mi Tó Sáré Lórí Òjò Dídì

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi máa padà sídìí eré rẹ̀ ni wòlíì ìjọ wa wọ ilé wa ní Erinje, sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Ó ní òun rí ọmọ náà lójú ìran, ó ń ṣubú, kò sì sẹ́ni tó gbé e dìde. Kí n pè é kíá. Iṣẹ́ tí Ẹ̀mí bá rán ni, tí a kò bá jẹ́ ẹ, ọrùn ẹni tó gbọ́ ọ ló ń wà.

Kékeré ni àbúrò mi mú ọmọ yìí lọ sókè òkun. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á máa fi yọ̀ bọ̀ láti orí òkè tí òjò dídì bò. Síkì ni wọ́n ń pè é. Mo pè é ní eré ọmọdé. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di ọ̀gá nínú wọn, ife ẹ̀yẹ kún pálọ̀ àbúrò mi. Àfi lọ́dún tó kọjá tó ṣubú, tí orúnkún rẹ̀ fọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ní òun máa padà. Inú bí mi. Mo bi í bóyá wọ́n ń ta orúnkún lọ́jà Igbotako ni.

Mo gbé fóònù. Ọkọ mi, tó ti ń kọ ẹyìn láti ìgbà èwe, na ọwọ́ dá mi dúró. Ní ilé wa, bí iná tilẹ̀ ń jó, a kì í pe ẹni tó wà lókè ọ̀pẹ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kan ilẹ̀.

"Ọma náà ti gòkè," ó ní. "Mọ́kàn rẹ le."

Wòlíì bi í pé bí ó bá wá ṣubú ńkọ́. Ọkọ mi ní bí a bá pè é, ṣé kò wá ní ṣubú mọ́ ni?

Orúkọ rẹ̀ ti wà níwájú mi lórí fóònù. Bí mo bá sọ fún un, kò ní tìtorí ìyẹn fi eré náà sílẹ̀, olórí kunkun ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn máa gbọ̀n ni. Bí n kò bá sì sọ, tí ó ṣubú, ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Mo yọ ọwọ́ kúrò. Wòlíì kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sáàmù.

A ń wo eré náà lórí fóònù mi. Ọmọ mi yọ̀ bọ̀ láti òkè, ó yára bí ẹyìn tí wọ́n gé. Ní àárín ọ̀nà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró. Àwòrán gan pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè. Ọkọ mi bọ́ síta. Sáàmù wòlíì ti di wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àwòrán máa padà, ẹlòmíràn ló ń sáré, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tí tèmi wà.

Ó pẹ́ kí fóònù tó dún. Òun ni. Ó ti dé ìsàlẹ̀ láyọ̀, kò gba ife kankan, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bú sẹ́kún, mo sì ro ìran náà fún un látòkè délẹ̀.

"Iye mi," ó ní, "èmi náà ń rí i. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, gbogbo ìgbà tí mo bá dúró lókè ni mo ń rí i."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ẹ ò bá ní kí n máa bọ̀ nílé."

Òótọ́ ló sọ. Mo gbé fóònù lọ fún bàbá rẹ̀ níta.