Fọ́tò Dúdú-funfun Ìyá Amọ̀kòkò

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe nílé àṣà ní Ìwó, n ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ fáwọn aládùúgbò pé fóònù ni mò ń tẹ̀ gbowó. Ta ló máa bá wọn jiyàn? Mò ń ya fọ́tò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, mo sì ń gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, káyé lè mọ̀ wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, mo gun ọ̀kadà lọ sí Olúpọ̀nnà, mo ya ìyá àgbà kan tó ń mọ ìkòkò. Mo fọ àwọ̀ ara fọ́tò náà dànù, ó ku dúdú àti funfun, nítorí ó wù mí bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá rere, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní parun." Èmi ọ̀mọ̀ràn! Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kéde òkú nìyẹn?

N ò tíì jẹun ọ̀sán tán táwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé, "Ọ̀run rere o," "Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn." Ọ̀gá mi obìnrin pè mí, inú ń bí wọn. Àwọn kan ti lọ kẹ́dùn nílé ìyá, òkú fúnra rẹ̀ ló sì dá wọn lóhùn! Ọ̀gá ní kí n lọ bẹ ìyá, kí n sì yọ fọ́tò náà kílẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Mo padà sí Olúpọ̀nnà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá. "Ẹ forí jì mí, Ìyá. Ẹ̀mí yín á gùn."

"Dìde, jàre. Ka ohun tí wọ́n kọ fún mi."

Mo kà á. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà ń dárò mi? Alábòsí! Kò kí mi látọjọ́ yìí." Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi ọkùnrin ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí. Ó pẹ́ tó ti lọ, kì í pè mí. Wọ́n ní kì í gbé ojú kúrò lórí fóònù níbi tó wà."

Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí. Mo ní bóyá kò tíì rí i. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mo wá sọ fún wọn pé ọ̀gá ní kí n yọ fọ́tò náà.

Ìyá fi ọwọ́ alámọ̀ di ọwọ́ mi mú. "Fi í síbẹ̀. Bó bá gbọ́ pé mo wà láàyè, kò ní wá."

Ilẹ̀ ṣú, n ò yọ ọ́. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ò sì tíì wá.