Ọjọ́ Tí Àǹtí Télọ̀ Lọ Dá Máṣíìnì Padà

"Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ò bà yín rárá?"

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà nígbà tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ń rò ó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà títí dé ìkóríta kó tó lè jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Bàbá rẹ̀ a máa ní ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n gbàgbé ahọ́n rẹ̀ sí. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló bi ní ìbéèrè náà, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Télọ̀.  Àǹtí kàn ní kó di ẹ̀gbẹ́ páálí mú dáadáa, kó má lọ jẹ́ kó já lé òun lẹ́sẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀. Tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà lójú fèrèsé, dígí gígùn kan tó ti sán létí fara ti ògiri, àwọn aṣọ tí kò tíì parí sì so rọ̀ lórí okùn bí èrò tó ń dúró de mọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Oníbàárà tó bá sanra láàárín ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti ìgbà tó wá gba aṣọ, Àǹtí á ní kó má bínú, aṣọ náà ló gbààwẹ̀.

Ohun kan ló ń dà á láàmú: kò ní máṣíìnì tó ń so etí aṣọ kí ó má baà tú. Gbogbo aṣọ tó bá rán, ó ní láti gbé e sọdá títì lọ bá télọ̀ kejì, ìyẹn a sì fi í dúró bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní kó wá rán aṣọ àwọn ọmọ kíláàsì tuntun, kó fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ ná, kí wọ́n tó san án lápapọ̀, Àǹtí kó gbogbo owó tó ti ń tù jọ, ó fi ra máṣíìnì náà. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun, bàbá ọmọ náà, á yá òun lówó aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò sówó. Ni máṣíìnì bá wà nílẹ̀ nínú páálí rẹ̀, nítorí káfíńtà tó ní ọ̀la lòun á gbé tábìlì rẹ̀ dé, ọ̀la tirẹ̀ ò tíì mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá níwájú ilé ìtajà tó ti ra máṣíìnì náà, wọ́n rí káàdì pupa lára irú máṣíìnì yẹn gan-an: wọ́n ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ kúrò. Àǹtí dúró bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún. Owó tí wọ́n yọ yẹn tó ra gbogbo aṣọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó gbàgbé ẹ̀. Ọjà téèyàn ti rà, ó ti rà á. Ta ló ń bá oníṣòwò fa owó nítorí pé ọjà wálẹ̀? Ó ní wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́.  Àǹtí yọ rìsíìtì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì: ẹni tí kò bá tíì tú ọjà rẹ̀ lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì gba odindi owó rẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà gbọ́dọ̀ bàjẹ́ ná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun wá bá òun gbé páálí.

Akọ̀wé tó wà nídìí káńtà bi í pé kí ló ṣe máṣíìnì náà.

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Àǹtí wí.

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ dá a padà?"

"Owó rẹ̀ ló ń ṣe mí."

Akọ̀wé nawọ́ sí ìkìlọ̀ kan lára ògiri, ó ní àwọn kì í gba ọjà ẹ̀dínwó padà. Àǹtí ní òun ò ra ọjà ẹ̀dínwó, odindi owó lòun san, kó wo rìsíìtì. Akọ̀wé lọ pe ọ̀gá rẹ̀ obìnrin. Ìyẹn yí páálí po, ó fọwọ́ tọ́ téèpù tó dè é, kò já. Ó ní òótọ́ ni, àwọn á gbà á padà. Àǹtí dúpẹ́, ó ní bí òun bá ti gbowó òun, òun á fi ra òmíràn ní iye tuntun. Akọ̀wé ní òmíràn ò sí mọ́, èyí tó gbẹ̀yìn ti lọ láàárọ̀.

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn wọn lórí ìlà ní kò burú, èyí tí màdáámù dá padà yìí, kí wọ́n tà á fún òun, ìyàwó òun ń wá irú ẹ̀. Ó ti ń yọ owó. Kódà ọmọdé náà mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀: owó aṣọ á wà, ṣùgbọ́n máṣíìnì ò ní sí. Àǹtí gbé ìgbọ̀nwọ́ lé páálí, ó kọjú sí ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, ẹ rọra. Owó mi ò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Títí á fi tẹ̀ mí lọ́wọ́, èmi ni mo ṣì ni ín."

"Ṣé lọ́yà ni yín ni?" ni ọkùnrin náà wí.

"Télọ̀ ni mí. A kì í gé aṣọ tí a ò tíì wọ̀n."

Ẹ̀rín sọ lórí ìlà. Ọ̀gá ilé ìtajà náà rẹ́rìn-ín, ó ní wàhálà gbígbé-wọlé gbígbé-jáde kò wúlò. Ó ní kí akọ̀wé ka ìyàtọ̀ owó náà fún màdáámù, kó kọ rìsíìtì tuntun, kí páálí sì máa bá olówó rẹ̀ lọ.

Káfíńtà gbé tábìlì dé nígbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì tuntun wọ aṣọ wọn wọlé, ilé ẹ̀kọ́ náà sì tún wá lọ́dún kejì. Télọ̀ kejì ló ń sọdá títì wá so etí aṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí báyìí. Àǹtí kì í fi í dúró.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kíláàsì rẹ̀ yàn án pé kó lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ kí wọ́n máa ṣí yàrá ìkàwé lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ó dúró níwájú dígí, Àǹtí ń fi pínnì há etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lójú kan, pínnì ò gbà. Àǹtí bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, òun ò láyà bíi ti Àǹtí.

Àǹtí yọ pínnì tó kù kúrò lẹ́nu.

"O bi mí lọ́jọ́ máṣíìnì yẹn bóyá ẹ̀rù ò bà mí. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi.  Ká ní mo dá lọ ni, ẹnu ọ̀nà ni ǹ bá ti yí padà. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sá lójú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi? Ìdí tí mo fi ní kí o wá bá mi gbé páálí nìyẹn. Àbí o rò pé agbára rẹ ni mo fẹ́ lò?"