Àwọn Dúrọ́ọ̀mù Ẹ̀yìn Ilé-Kéú

Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn kírímù abóra, mo máa ń sọdá sí òdìkejì ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tà á tẹ́lẹ̀, níwájú ilé tí a jọ ń gbé ní Amùkòkò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pò ó, ara rẹ̀ náà ló sì fi ń polówó ọjà. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n lórí igi, àmọ́ oríkèé ìka rẹ̀ kọ̀, ó dúdú kirikiri. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A rò pé ìdúró ló fà á. Ìgbà tí ojú náà wú tí kò lè là á dáadáa mọ́ láàárọ̀, mo mú un lọ sí ọsibítù.

Dọ́kítà wò ó títí, ó ní, "Mà, kí lẹ fi ń pa ara?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un. Dọ́kítà ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní mẹ́kúrì ló wà nínú irú kírímù bẹ́ẹ̀, òun ló ń bó awọ, òun náà ló sì ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ṣíwọ́ pípa á, ó sì ṣíwọ́ títà á. Ó kó ìyókù ọjà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kó dà á nù, ó ní, "Ibo ni kí n dà á sí? Ṣé inú gọ́tà táwọn ọmọ ọlọ́mọ ń fẹsẹ̀ wọ́?"

Kò pẹ́ sígbà náà tí àjọ kan dé sí Olódì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló fún àwọn lówó láti gba ará ìlú lọ́wọ́ mẹ́kúrì. Obìnrin kan tó ṣe jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá wọn. Ó gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n mi, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbà. Nínú ọgbà ilé-kéú tí àáfà àdúgbò yọ̀ǹda fún wọn, ó dìde, ó ká ìró sókè, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn ará àjọ náà ń ya fídíò rẹ̀. Àwọn obìnrin ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó kírímù wọn wá, wọ́n ń jù ú sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá. Ọ̀gá náà ní mọ́tò máa wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti máa sọ ọ́ di aláìlèpani.

Mọ́tò kankan kò wá. Wọ́n yí àwọn dúrọ́ọ̀mù náà sẹ́yìn ilé-kéú, nítòsí kànga táwọn ọmọ kéú ń pọn, wọ́n sì lọ. Òjò rọ̀ sí i. Oòrùn ràn án. Nǹkan funfun kan ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ọyún, eṣinṣin bò ó. Àáfà pè wọ́n títí, wọn ò gbé fóònù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá sú mi pátápátá ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rí ike kírímù tirẹ̀ lórí igbá obìnrin kan ní Amùkòkò. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí ọ̀dà èékánná pupa ló máa ń fi sàmì sí ìdérí. Àwọn tó ń ṣa ike ló ti wá ṣí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n nu ike mọ́, wọ́n tà á fún obìnrin náà.

A gbọ́ pé àjọ náà ń ṣe ìpàdé àṣekágbá ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Àpápá. A lọ. Nígbà tí a wọlé, fídíò ń lọ lára ògiri: ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, wíwú, ó tóbi ju ènìyàn lọ. Níwájú rẹ̀, àwọn èèyàn ń fi igi kékeré gún iwe adìyẹ jẹ. Ọ̀kan ń lá ọ̀rá kúrò lẹ́nu, ó ń wo ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ sáàárín wọn. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi lẹ ń wò yẹn. Kírímù tí mo fún yín ti padà sọ́jà."

Ọ̀gá náà sáré wá, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta."

Níta, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Owó àtikó o jọ nìkan làwọn òyìnbó fún wa. Wọn ò tíì fún wa ní owó àtikó o dànù. Ó di ìpele kejì iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fún wa."

"Nígbà tí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbà á lọ́wọ́ wa?"

Ó yíjú, ó padà wọ ibi ìpàdé.

Bóyá ojú tì wọ́n níwájú àwọn òyìnbó, mi ò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí tírélà kékeré kan fi wá kó àwọn dúrọ́ọ̀mù náà. Mo bi awakọ̀ pé ibo ló ń kó o lọ. Ó ní, "Wọ́n ṣáà ní kí n gbé e kúrò níbí ni." Ó wakọ̀ lọ, nǹkan funfun náà ń kán sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lọ sí ọsibítù, èmi ni mo máa ń sìn ín. Àáfà fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu kànga náà pa. Àwọn ọmọ kéú ń gbé omi wá látilé báyìí, tòun ti wàláà wọn.