Ọkọ̀ Tuntun Tí Kò Dákẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Monrovia, nílẹ̀ Làìbéríà, bàbá mi ra ọkọ̀ tuntun kan, ọkọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé wa rú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yóò rò pé ó bà jẹ́ ni. Kò bà jẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, bíréèkì rẹ̀ ń mú, ìjókòó rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe é ni pé ó ń dún. Kì í ṣe lábẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn. Inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni, ìyẹn pátákó iwájú tí rédíò àti àwọn aago ọkọ̀ máa ń wà. Bí táyà bá ti bọ́ sínú kòtò báyìí, ẹ ó gbọ́ wóro-wóro-wóro, bí ìgbà tí ènìyàn ń mi àgbàdo gbígbẹ nínú agolo.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1980 ni mò ń sọ. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì kan ní Gurley Street, láàárín ìgboro. Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ ní Vai Town, ní òdìkejì afárá. New Kru Town, níbi tí àwọn apẹja ń gbé, ló ti ń lọ ra ẹja náà, ìṣòro rẹ̀ sì ni pé àwọn awakọ̀ takisí kì í fẹ́ gbé ẹlẹ́ja. Wọ́n á ní òórùn rẹ̀ kì í tán nínú ọkọ̀. Kó tó rí ẹni gbé e débẹ̀, àwọn olówò ẹja yòókù á ti ṣa èyí tó dára, á wá ku àfọ́kù fún un. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀, ìyá mi kò béèrè àwọ̀ rẹ̀. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ẹ ó kọ́ mi kí n lè máa wà á?"

Bàbá mi ní, "Kí ló dé tí mi ò ní kọ́ ẹ?"

Àwa ọmọ gbọ́ ọ. Ìlérí ni.

Ọkọ̀ náà dé sí èbúté, bàbá mi lọ gbé e, ó sì wà á wálé láìgbọ́ ìró kankan. Ó sọ èyí fún wa lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́: "Ọkọ̀ yìí ò dún lọ́jọ́ tí mo gbé e." Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá mi bá wá béèrè ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, bàbá mi á ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ariwo yìí mú. Ẹni tó ń kọ́ mọ́tò gbọ́dọ̀ máa fetí sí ẹ́ńjìnnì kó tó mọ ìgbà tí yóò pààrọ̀ jíà. Tí nǹkan mìíràn bá ń dún, etí á dàrú." Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀. Ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀, lákọ̀ọ́kọ́.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ di èèwọ̀ nínú ọkọ̀ wa. Bí a bá ti jókòó tán, bàbá mi á ní, "Ẹ pa ẹnu mọ́, mo fẹ́ gbọ́." A ò gbọ́dọ̀ tan rédíò tuntun náà. Ẹni tó bá wúkọ́ pàápàá á gba ìbáwí. Ìyá mi á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ dáṣíbọ́ọ̀dù bí agbẹ̀bí tó ń yẹ aboyún wò.

"Sún un sápá ọ̀tún. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó dákẹ́ àbí kò dákẹ́?"

"Kò dákẹ́."

"Tẹ ìsàlẹ̀ náà mọ́ ọn."

"Dádì, ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún mi," ìyá mi á wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, á di àwo eérú sìgá mú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í mu sìgá nílé wa. Èmi á fi ìka tẹ etí rédíò. Ẹ fojú inú wò ó: ìdílé kan nínú ọkọ̀ tuntun, gbogbo wa di nǹkan mú bí ẹni tí ilé fẹ́ wó lé lórí. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun a máa yẹra fún kòtò. Bàbá mi ń wá kòtò kiri ni. Tí a bá ti rí ọ̀nà tó dán, inú á bí i pé ọ̀nà náà kò fi nǹkan kan hàn òun.

Ó ká páálí ìṣáná, ó fi há ojú àlàfo. Kò ràn án. Ó gé sílípáàsì rọ́bà ìyá mi sí wẹ́wẹ́, ó fi há a. Ìyá mi wá bàtà náà títí, kó tó rí ègé rẹ̀ kan tó yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Ó ní, "Ẹ kúkú gé èmi náà, kí ẹ fi mí há a."

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọmọ Làìbéríà kan tó ní ọgbà ńlá. Ilẹ̀ ọgbà náà tẹ́jú, nítorí náà ọkọ̀ náà dákẹ́ lọ́lọ́, bí ọmọ aláìgbọràn tó rí àlejò. Mẹkáníìkì náà ṣí iwájú rẹ̀, ó fetí sí i, ó tún pa á dé. Ó ní, "Ol' man, the car not spoil-o. It just talking." Ìyẹn ni pé kò bà jẹ́, ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Bàbá mi fi ìbínú wa ọkọ̀ jáde. A kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà ọgbà náà tí a fi gbọ́ wóro-wóro-wóro. Ìyá mi fi ìborùn bo ẹnu.

"Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ dá a lóhùn."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìyá mi padà láti New Kru Town pẹ̀lú ọpọ́n tí kò kún dé ìdajì. Awakọ̀ kan ti já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà àlọ torí pé ẹni tó jókòó tì í ń ráhùn òórùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn oníbàárà rẹ̀ kan ti lọ bá ẹlẹ́ja mìíràn, èyí tí ọkọ rẹ̀ ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ó dúró nínú òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ wà nílẹ̀," ló wí. Bàbá mi wà lójú fèrèsé, ó gbọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tẹ́ aṣọ ìbusùn sílẹ̀ lágbàlá, ó sì tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà palẹ̀. Ó to àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú àwọn ife tíì wa, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀. Nígbà tó na ìka sínú ihò tí atẹ́gùn máa ń gbà fẹ́ sí gíláàsì iwájú, ó kó àwọn nǹkan róbótó pupa rúsúrúsú kan jáde. Ó gbóòórùn wọn. Ó fi ọ̀kan sẹ́nu. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ataare ni," ó wí.

Nínú àpótí kékeré tó wà lápá ọ̀tún, ó tún rí tẹ̀súbáà tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń gbá ara irin.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó lè yé yín. A kò pọ̀ ní ìlú yẹn, àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn Mùsùlùmí wa ń ṣòwò, àwọn onígbàgbọ́ wa sì pọ̀ ní ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n bí ohun rere bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan, gbogbo wa la ó péjọ. Wọ́n ti péjọ fún ọkọ̀ náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tó dé. Àlájì kan tó ń ta abọ́ ní Vai Town, ará ìlú bàbá mi, fi tẹ̀súbáà ara rẹ̀ sínú àpótí yẹn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́. Ìyá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù nínú ìjọ wa, tí a máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, jókòó níwájú ọkọ̀, ó fọ́ odidi ataare kan. Ó ní ataare kì í di tirẹ̀ láàbọ̀, ìrìnàjò wa kò ní í já sí láàbọ̀. Ó da ọmọ ataare náà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, gbogbo wa sì ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí wọ́n yí lọ.

Ìyá mi wo àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi. "Àṣé àdúrà ló ń dún."

"Ataare ló ń dún," bàbá mi wí.

Ó ṣa gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó fi áńkáṣífù wé tẹ̀súbáà Àlájì kó má baà gbá irin mọ́, ó dá a padà sí ipò rẹ̀. Ó to ọkọ̀ náà pọ̀, ó sì wà á la gbogbo kòtò àdúgbò kọjá. Kò dún. Nígbà tó dé, ó bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú. "Lọ́jọ́ Ajé," ó sọ fún ìyá mi, "a ó bẹ̀rẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìsinmi. A lọ gbé Ìyá Àgbà bí a ti ń ṣe. Ó jókòó síwájú, ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú wa. A rìn díẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí dákẹ́," Ìyá Àgbà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," bàbá mi dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé a rí eyín rẹ̀ nínú dígí.

"Kí ló dé tó fi dákẹ́?"

Bàbá mi pààrọ̀ jíà.

"Mo máa ń gbọ́ ataare mi tẹ́lẹ̀. Bí mo bá ti ń gbọ́ ọ, ọkàn mi á balẹ̀ pé àdúrà wà lẹ́nu iṣẹ́. Àbí ó ti tán ni?"

Lójú ẹsẹ̀, Ìyá Àgbà tú eteetí ìró rẹ̀, ó mú ataare mìíràn jáde, ó fi eyín fọ́ ọ, ó sì tún àdúrà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dà á sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. A ṣe àmín. Bàbá mi náà ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbé egbòogi mì. Ní kòtò tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ wóro-wóro-wóro.

"Ẹ́n-ẹ́n," Ìyá Àgbà wí. "Ó ti dáhùn."

Mo rí i tí ìyá mi sún síwájú lórí ìjókòó. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. "Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ọmọ yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òun ò ní kọ́ mi ní mọ́tò àfi tí ariwo inú ọkọ̀ yìí bá dákẹ́."

Ìyá Àgbà yíjú sí bàbá mi. "Ariwo wo?"

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè ní, kí ló dé tí kò sọ òtítọ́? Ẹ rọra. Ẹ kọ́kọ́ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ta ni yóò wo ojú ìyá arúgbó tó ń gbàdúrà fún un, kó pe àdúrà náà ní ariwo?

"Kò sí ariwo kankan, mà," bàbá mi wí.

"Kí lo wá ń dúró dè?"

"Kò sí, mà."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la dára, mà."

Ìyá mi fẹ̀yìn tì. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá mi gbé wa lọ sí pápá kan tó fẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sí apá kejì. Ìyá mi di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni tó di ìwo màlúù mú. Ọkọ̀ náà fò, ó kú, ó tún fò. "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo ní kílọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn kọ́. Igi rèé o, igi rèé." Bàbá mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí kò sí bíréèkì, òógùn bo ojú rẹ̀. Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń dún.

Bàbá mi wò ó. "Kí ló ń dún?"

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá mi fi gba ìwé ìwakọ̀. Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ dá wa ọkọ̀ lọ sí New Kru Town, ó mú mi dání. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja dìde dúró láti wò ó, ọ̀kan nínú wọn sì wá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà wò bóyá lóòótọ́ ni. Ìyá mi ṣa ẹja kó tó di pé àwọn olówò ẹja yòókù dé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀. Òórùn ẹja kò sì kúrò nínú ọkọ̀ náà mọ́ títí ogun fi dé, tí a fi í sílẹ̀, tí a padà sílé ní Nàìjíríà.

Ayé ti yí padà. Obìnrin ń wakọ̀ lóde òní, ẹnikẹ́ni kò dìde láti wò ó, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ènìyàn kan kì í dá nìkan ní ọkọ̀. Gbogbo wa la ní i, gbogbo wa la sì fi nǹkan sínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń da ẹni tó rà á láàmú. Ọmọ mi obìnrin ra ọkọ̀ tuntun lọ́dún tó kọjá. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo tẹ "Kú oríire" padà sí i. Ìyẹn ni gbogbo ìwúre tí a ṣe. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkọ̀ náà kì í dún rárá.