Áàpù Tí Kò Mọ̀ Pé À Ń Pa Dátà

Dépò Akíndùrò ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí lẹ́nu iṣẹ́. Mo tètè dárúkọ rẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ gbèjà rẹ̀ lè tètè dìde. Èmi ni mo gbà á síṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ, òun náà ló sì jókòó níwájú àwọn ọ̀gá wa ní Ẹgbẹ́dá tó ní, “Màmá ti ṣe tiwọn. Láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ń gba odindi yàrá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi jàre.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí n kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Òótọ́ ni pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, ilé báńkì ni mo sì ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tó tutù débi pé súẹ́tà la máa ń wọ̀ nígbà tí oòrùn ń sun gbogbo ènìyàn níta. Nígbà tí mo kúrò ní báńkì, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ẹgbẹ́dá gbà mí láti máa darí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn. Ilé àwọn aláìsàn ni àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń lọ, láti Ìkòtún dé Dópẹ̀mú, láti gún àwọn alátọ̀gbẹ lábẹ́rẹ́ àti láti wẹ egbò ẹsẹ̀ wọn. Màmá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí. Ó dùn mọ́ mi nínú, n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Nígbà náà, ẹnu la fi ń ṣe é. Bí dókítà bá yí ìwọ̀n oògùn aláìsàn padà, á pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, nọ́ọ̀sì á tún un sọ sí i létí, ó parí. Ọ̀nà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ń gbọ́ ohùn ènìyàn. Ìgbà tó yá ni Dókítà Àgbà, obìnrin tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, ní òun fẹ́ kí a ní áàpù tiwa bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kí nọ́ọ̀sì máa ka ohun tí dókítà bá kọ lórí fóònù.

Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí lè rò pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín áàpù kan àti òmíràn. Ìyàtọ̀ wà. Ìlànà àkọ́kọ́ ni kí a mọ ẹni tó ni fóònù. Bí ilé-iṣẹ́ bá ra fóònù fún òṣìṣẹ́, ó lè máa darí rẹ̀ láti ọ́fíìsì. Bí olè bá jí i ní Ìyànà Ìpájà, a ó tì í pa, a ó sì nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí olè tó délé. Bí òṣìṣẹ́ bá ń lo fóònù ara rẹ̀, àṣẹ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la ó wá yan pèpéle, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí áàpù dúró lé. A lè kọ áàpù fún irú fóònù kan ṣoṣo, a sì lè kọ ọ́ bí ojú-ewé ayélujára tí fóònù èyíkéyìí lè ṣí. Àwọn kan wà láàárín méjèèjì, tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń wọ fóònù gbogbo. Orí èyí ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń jà. Ìbéèrè tó ń pa ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé: bí fóònù kò bá sí lórí ayélujára, kí ni áàpù yóò ṣe? Òmíràn á kọ̀ láti ṣí. Òmíràn á máa fi ohun tó mọ̀ gbẹ̀yìn hàn ọ́, bí ará ìdálẹ̀ tó ń ròyìn ilé tó ti fi sílẹ̀ tipẹ́.

Ohun tí mo sọ nípàdé kò le. Mo ní kí ilé-iṣẹ́ ra fóònù fún àwọn nọ́ọ̀sì, kí ó sì máa san owó dátà wọn. Mo ní kí ìlà kan wà lókè áàpù tí yóò máa sọ ìgbà tí fóònù bá sáfà sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí ọ̀rọ̀ gbogbo aláìsàn wà. Bí ó bá ti pẹ́ jù, kí ìlà náà pọ́n.

“Mà, kí ló fẹ́ gbé wọn kúrò lórí ayélujára?” Dépò bi mí. “Ta ni ò sí níbẹ̀ lóde òní?”

“Ìwọ lo wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru,” mo dá a lóhùn, “torí ilé-iṣẹ́ ló ń ra dátà fún ẹ. Lọ bi àwọn nọ́ọ̀sì.”

Kò bi wọ́n. Ẹni tó bá ń gbé Alímọ̀ṣọ́ tó sì ń ra dátà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé dátà kì í wà ní títàn. Bí a ṣe ń pa sítóòfù tí ọbẹ̀ bá ti jinná la ṣe ń pa á. A fẹ́ wo nǹkan, a tàn án; a wò ó tán, a pa á. Ẹni tó bá gbàgbé á jí bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Wọ́n fi Dépò ṣe ọ̀gá ẹ̀ka náà. Wọ́n pe èmi ní olùdámọ̀ràn, wọ́n sì gbé tábìlì mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi níbẹ̀ ni pé ẹnu ẹ̀rọ tó pupa ni omi gbígbóná ti ń jáde.

Fóònù ara wọn ni àwọn nọ́ọ̀sì lò. Àwọn tó kọ áàpù náà ti fi ìlà mi sí i, ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọjọ́ kan kí a fi í han àwọn ọ̀gá, Dépò ní kí wọ́n yọ ọ́. Mo lọ bá a.

“Ìlà yẹn ń ba ojú áàpù jẹ́, mà. Ó dà bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́.”

“Tí nǹkan bá wá bàjẹ́ lóòótọ́ ńkọ́?”

“Kò ní bàjẹ́.”

Ó tún pàṣẹ pé kí dókítà kankan má pe nọ́ọ̀sì mọ́ nítorí oògùn. Ohun tó bá wà nínú áàpù ni kí wọ́n ṣe.

Bísí ni nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìgàndó. Mo ti tẹ̀ lé e lọ rí láti wo bí áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti mọ Bàbá Tíṣà, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Bó bá ti rí abẹ́rẹ́, á ní, “Nọ́ọ̀sì, tìẹ mú ju pàṣán mi lọ o.” Bísí á ní, “Bàbá, àwọn tẹ́ ẹ nà ló rán mi wá.” Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, Bísí á sì gún un.

Kíndìnrín Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn àtọ̀gbẹ kì í tètè jáde lára mọ́, a gbọ́dọ̀ dín in kù. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ rí àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dín oògùn náà kù nínú áàpù. Kò pe Bísí, nítorí wọ́n ti ní kó má pè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti ilé ni Bísí ti gba Ìgàndó lọ. Dátà rẹ̀ wà ní pípa láti àárọ̀ àná. Ó ṣí áàpù, áàpù ṣí wẹ́rẹ́, ó lẹ́wà, ó sì fi ìwọ̀n oògùn àtijọ́ hàn án. Bísí gún Bàbá, ó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dágbére.

Òógùn kọ́kọ́ bo Bàbá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ń lọ́. Ìyàwó rẹ̀ rò pé oorun ló ń kùn ún, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ṣúgà ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò jí mọ́.

Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì Dókítà Àgbà. Dépò di fóònù Bísí mú sókè bí ẹni mú ọ̀bẹ apànìyàn.

“Ẹ wò ó fúnra yín. Dátà ẹ̀ wà ní pípa. Áàpù ò jẹ̀bi.”

“Ọ̀gá, ta ni kì í pa dátà?” Bísí bi í. “Ká ní áàpù sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àná lòun ń sọ ni, ṣé mi ò ní tàn án ni? Àbí mo fẹ́ pa Bàbá ni?”

Mo ní kí Dépò ṣàlàyé ibi tí ìlà pupa wọlé sí. Dókítà Àgbà gbé ọwọ́ sókè. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ àtijọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n lé Bísí. Wọ́n sọ fún ẹbí Bàbá pé nọ́ọ̀sì ló ṣe àṣìṣe. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sí Ìgàndó, mo sọ bí ó ṣe rí gan-an fún ìyàwó olóògbé. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní àkókò tó kí n fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní aago ògiri, wọ́n yà mí ní fọ́tò, Dókítà Àgbà sì dì mọ́ mi. Aago náà ti dúró. N kò pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.

Bísí ń ta aṣọ ọmọdé ní Ìkòtún báyìí. Ó sọ fún mi pé òun kò fẹ́ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Ilé ìwòsàn míràn ti ra áàpù náà. Dépò sì ń lọ káàkiri, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń yan pèpéle.

Mo pàdé rẹ̀ láìpẹ́ yìí nílé ìtajà oògùn kan ní Akówọnjọ. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé kúlà kékeré kan dání, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé oògùn, yìnyín wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀.

“Ẹ káàsán, mà.”

“Ta ni ara rẹ̀ ò yá?”

“Màmá mi ni, mà. Àtọ̀gbẹ ni. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ló ń wá gún wọn.”

Mo wo kúlà náà, mo wo ojú rẹ̀. Mo bi í bóyá áàpù rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wò kó tó gún wọn. Ó ti kúlà náà bọ abẹ́ apá.

“Rárá, mà,” ó ní. “Mo ti sọ fún un pé dókítà ni kó máa pè. Mi ò jẹ́ kó fi áàpù yẹn tọ́jú màmá mi.”