Wọ́n Ní Kí N Má Jẹ́

Ìyàwó tuntun ni mí ní ìlú Òde-Ayé nígbà ogun abẹ́lé, àkọ́bí mi kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi, aládùúrà paraku tí kì í wọ bàtà, ló kọ́ mi ní èèwọ̀ igbó. "Bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń pè ọ́ nínú igbó, tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, má jẹ́ o! Iwin ni." Mo ní, "Mo gbọ́, Yèyé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pọn ọmọ, mo lọ ṣa ẹyìn. Olójúkòkòrò ni mí, n kò ní í purọ́: mò ń ti ìdí ọ̀pẹ kan bọ́ sí òmíràn títí n kò fi mọ ọ̀nà mọ́. Mo rìn, mo rìn, mo tún bá ara mi nídìí ọ̀pẹ tí mo kọ́kọ́ ṣa. Oòrùn ń rẹlẹ̀, ara ọmọ ń gbóná lẹ́yìn mi. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá wa níbẹ̀, ṣé ọmọ yìí á rí òwúrọ̀?

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn lókèèrè: "Ìyàwó o! Ìyàwó o-o-o!"

N kò rí ẹnì kankan. Ni mo bá pa ẹnu mọ́, ìyàwó tó gbọ́ràn! Ọmọ ní tiẹ̀ kò mọ èèwọ̀, ó figbe ta. Igbó pa lọ́lọ́. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí àwọn ọkùnrin tó tẹ̀lé ìyá ọkọ mi wá mi gbọ́ ẹkún yẹn, wọ́n ní egbére tó ń sunkún kiri igbó ni, wọ́n bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mò ń bẹ̀rù wọn, àwọn náà ń bẹ̀rù mi!

Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò sá. Kò pe "Ìyàwó" mọ́. Ó kàn pariwo: "Alelúyà!"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Alelúyà!" Nínú ìjọ wa, ta ló ń gbọ́ ọ tí kì í dáhùn? Iwin wo ló sì ń ṣe alelúyà? Ó tún ké e, mo tún dáhùn, mo ń tọ ohùn rẹ̀ lọ títí mo fi rí i láàárín ewé, tí ẹ̀gún ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ yánnayànna.

Ó kọ́kọ́ gba ọmọ, ó fún un lómi mu. Ó wá kọjú sí mi. "Ṣé orí rẹ pé ṣá? Mo pè ọ́ títí ohùn mi fi há, kí ló dé tí o kò jẹ́?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má jẹ́, Yèyé."

Ni Yèyé bá bú sẹ́kún, ló tún ń rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ wa.

Títí tó fi re ibi àgbà ń rè, bó bá ń wá mi láti ẹ̀yìnkùlé, kò pè mí ní Ìyàwó mọ́. "Alelúyà!" ló máa ń ké. Ibi yòówù kí n wà, mo máa ń jẹ́.