Ọ̀pá Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Òórùn òrí gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iye, ìyá mi, ti yọ́ òrí sínú àwo irin, ó ń fi ra ẹsẹ̀ òsì bàbá mi. Lábẹ́ òórùn òrí ni òórùn kejì wà, tí gbogbo agboolé wa ní Kàbbà mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ: egbò tí bàbá mi gbé ti ogun Bọ́mà dé, tó ń jinná tó tún ń là.

Ọjọ́ náà ni dókítà ìjọba ń bọ̀ wá sí ọ́fíìsì D.O., ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, láti yẹ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ wò. Ẹni tó bá rí i pé ogun ti sọ di aláàbọ̀ ara, ìjọba á máa sanwó fún un lóṣooṣù, ọsibítù á sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ọ̀pá ló fi ń rìn, kò lè kọ ebè mọ́. Iye ló ń kọ ọ́.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wọlé pẹ̀lú agbádá òfì tirẹ̀. Ó ń du oyè lọ́dún yẹn, àwọn tí ń bá a du ú sì ń pe ilé wa ní ilé arọ. Lójú tirẹ̀, akọni ni ìjọba ń sanwó fún, kì í ṣe ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó gbé agbádá náà wọ bàbá mi. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Iye kúnlẹ̀. "Baba, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe rí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé arọ lo fẹ́ ni?"

Bàbá mi ká apá agbádá náà sí èjìká. Ó ti dojú kọ ìbọn rí, ṣùgbọ́n kò lè dojú kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo tẹ̀lé wọn dé ọ́fíìsì D.O. Lábẹ́ igi máńgòrò, sójà kan láti Odò-Àpé, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé wá, ń kérora láìtijú. Ó wo agbádá bàbá mi, ó kí i pé, "Okun o, ọkọ ìyàwó. Ta lo wá fẹ́ níbí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí dógarì, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, pe orúkọ bàbá mi, Bàbá Àgbà na ọwọ́, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Dókítà ní kó rìn dé ògiri kó padà. Bàbá mi rìn bí ẹni tó ń yan níwájú ọ̀gágun. Òógùn bo ojú rẹ̀, kò tiro. Dókítà kò tilẹ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ògbufọ̀ sọ fún un pé, "Ó ní ara rẹ ti yá. Máa lọ sóko."

Ará Odò-Àpé rí tirẹ̀ gbà. Bàbá Àgbà jẹ oyè rẹ̀. Egbò náà jẹ wọ egungun, ọsibítù béèrè owó tí a kò ní, kí òjò ọdún náà sì tó dá, a ti sin bàbá mi. Níbi ìsìnkú, Bàbá Àgbà ní ọkùnrin tó rìn nínàró ni. Mo ti kàwé, mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ ènìyàn. N kò dárí ji òun.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń forúkọ àwọn arúgbó tí kò lè rìn dáadáa sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Kàbbà. Báyọ̀, ọmọ Bàbá Àgbà, ló fi mọ́tò gbé mi lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí ọ̀pá mi.

"Àǹtí, ẹ mú ọ̀pá yẹn wá. Pẹ̀lú aṣọ tó dára báyìí? Ẹ kò tí ì darúgbó tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá rẹ̀ gan-an ló fi ọwọ́ náà jọ. Ọmọdé tí mo jẹ́ lójú fèrèsé níjọ́sí kò lè sọ nǹkan kan.

Mo ní, "Bàbá rẹ ti gba ọ̀kan."

Mo sì tiro wọlé, ju bí orúnkún mi ti ń dùn mí lọ.